Michèle Mouton àti Rálì Côte d'Ivoire ti ọdún 1982

Michèle Mouton (tí a bí ní ọjọ́ 23 oṣù Òkúdù, ọdún 1951) jẹ́ awakọ̀ ìje ọmọ ilẹ̀ Faransé. Òun ni obìnrin awakọ̀ kan ṣoṣo tí ó tíì gbégbá orókè nínú ìpele kan nínú ìdíje rálì àgbáyé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1981 àti 1982. Síbẹ̀, adé àgbáyé fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Orí ọ̀nà erùpẹ̀ ilẹ̀ Côte d'Ivoire ni ó ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ní òpin oṣù Ọ̀wàrà 1982. Àyọkà yìí ṣàlàyé bí ó ṣe gòkè, bí ìdíje kan ṣoṣo ṣe yí ipa iṣẹ́ rẹ̀ padà, àti ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà.

Irú ìdíje tí rálì jẹ́

Rálì yàtọ̀ sí ìje tí àwọn ọkọ̀ ti ń sáré yí pápá ká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń dá àwọn ọkọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ láàárín wọn, aago ni ó sì ń ṣe ìdájọ́. Ẹni méjì ni ó ń jókòó sínú ọkọ̀: awakọ̀, àti atọ́nà tí ó ń ka àkọsílẹ̀ kọ́nà, kòtò àti afárá sí i létí. Ọkọ̀ tí àkókò rẹ̀ bá kéré jù lọ ni ó borí.

Rálì Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969 pẹ̀lú orúkọ Bandama, odò ńlá tí ó ti àríwá ṣàn gba àárín orílẹ̀-èdè náà, ní ìwọ̀-oòrùn Bouaké àti Botro, kí ó tó dé òkun. Láti 1978 títí di 1992 ni ó fi wà lára ìdíje àgbáyé. Ìfaradà ni ìdíje yìí ń dán wò ju eré sísá lọ. Ní 1982, gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 kìlómítà, eruku pupa sì bo ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà rẹ̀. A kì í dí ọ̀nà náà mọ́ àwọn ará ìlú; awakọ̀ lè pàdé ọkọ̀ akẹ́rù tàbí agbo ewúrẹ́ nígbàkigbà. Ìdíje ti 1972 le tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ọkọ̀ kankan tí ó parí rẹ̀.

Bí Mouton ṣe gòkè

Grasse, ìlú tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ lọ́fínńdà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni a ti bí Mouton. Ó kọ́kọ́ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin. Atọ́nà ni ó fi bẹ̀rẹ̀ nínú rálì, kí ó tó di pé bàbá rẹ̀, Pierre, ra ọkọ̀ Alpine A110 fún un, tí ó sì fún un ní ọdún kan péré láti fi hàn pé ó lè ṣe é. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn àwọn ọkùnrin balẹ̀, àwọn kan fura pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju èyí tí òfin fàyè gbà lọ. A yẹ ẹ́ńjìnnì náà wò, a kò sì rí àbùkù kankan níbẹ̀.

Ní 1975, òun àti àwọn obìnrin méjì mìíràn, Christine Dacremont àti Marianne Hoepfner, jọ wa ọkọ̀ kan nínú ìje oníwákàtí 24 ti Le Mans, wọ́n sì ṣe ipò kìíní ní ọ̀wọ́ tiwọn. Ní 1978, ó borí nínú Tour de France ti ọkọ̀ pẹ̀lú Fiat. Ní 1981, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ fún Audi ti ilẹ̀ Jámánì, ẹni tí ọkọ̀ Quattro rẹ̀ ń fi agbára ẹ́ńjìnnì yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Atọ́nà rẹ̀ ni Fabrizia Pons, ọmọ ilẹ̀ Ítálì. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, àwọn méjèèjì borí ní Sanremo. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí obìnrin awakọ̀ borí nínú ìpele kan nínú ìdíje rálì àgbáyé.

Ọdún 1982

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Mouton borí ní Portugal, ní Gíríìsì àti ní Brazil. Nígbà tí ó fi ku ìpele méjì, ó ti di ìjà láàárín òun àti Walter Röhrl, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tí ó ń wa Opel Ascona 400. Ọkọ̀ Röhrl kò yára tó Quattro, ṣùgbọ́n kò díjú, kì í sì í tètè bàjẹ́. Côte d'Ivoire ni ìpele tí ó kàn.

Kété kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀ ni ìròyìn dé pé Pierre Mouton ti kú. Àrùn jẹjẹrẹ ni ó pa á. Mouton fẹ́ padà sílé, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ rọ̀ ọ́ pé kí ó wa ọkọ̀ náà, nítorí pé ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ nìyẹn. Ó gbéra. Ní apá àkọ́kọ́ ìdíje, ó fi ju wákàtí kan lọ ṣíwájú Röhrl. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú: àwọn mẹkáníìkì ní láti pààrọ̀ àpótí jíà, àkókò tí ó ti fi ṣíwájú sì ń jò lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìdíje ń lọ sí òpin, Röhrl ti bá a. Mouton sáré láti gba ipò rẹ̀ padà, ọkọ̀ rẹ̀ sì dojú dé nínú ìkùukùu. Ó tún rìn díẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lè lọ mọ́. Röhrl borí, ó sì gba adé àgbáyé.

Ìṣirò máàkì

Ní ọdún náà, máàkì 20 ni ti ẹni kìíní, 15 ni ti ẹni kejì, 12 sì ni ti ẹni kẹta. Èsì méje tí ó dára jù lọ nìkan ni a ń kà fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìpele ìkẹyìn ní Bìrìtìkó, níbi tí Mouton ti ṣe ipò kejì, Röhrl ní 109, Mouton sì ní 97. Ìpele mẹ́ta ni Mouton borí, méjì péré ni Röhrl. Ṣùgbọ́n Röhrl kì í sábà pàdánù láti parí ìdíje, ó sì kó ipò kejì àti ìkẹta jọ.

Ká ní Mouton ni ó borí ní Côte d'Ivoire, tí Röhrl sì tẹ̀ lé e, Mouton ìbá ní 113, Röhrl ìbá sì ní 104. Ìjàǹbá kan ni ó wà láàárín ipò kejì àti adé.

Lẹ́yìn náà

Máàkì Mouton wà lára ohun tí ó jẹ́ kí Audi gba ife ẹ̀yẹ àwọn aṣe-ọkọ̀ ní 1982. Òun fúnra rẹ̀ kò tún borí nínú ìpele àgbáyé kankan mọ́. Ní 1984, Röhrl náà di awakọ̀ Audi, ìdíje tí a ń fi Mouton sí sì dín kù. Ṣùgbọ́n ní 1985, ó borí nínú ìje gígun òkè Pikes Peak ní Amẹ́ríkà, àkókò tí ó lò sì kéré ju ti ẹnikẹ́ni tí ó ti gun òkè náà ṣáájú rẹ̀. Ní 1986, ó gba adé rálì ilẹ̀ Jámánì pẹ̀lú Peugeot 205. Ọdún yẹn kan náà ni Henri Toivonen àti atọ́nà rẹ̀, Sergio Cresto, kú nínú rálì Corsica, tí àwọn aláṣẹ sì fòfin de irú ọkọ̀ alágbára tí wọ́n ń wà. Mouton fi iṣẹ́ awakọ̀ sílẹ̀.

Ní 1988, ó wà lára àwọn tí ó dá Race of Champions sílẹ̀ ní ìrántí Toivonen. Ní 2010, ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ tí àjọ ìje ọkọ̀ àgbáyé, FIA, gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nínú eré ìdárayá náà. Ipò kejì rẹ̀ ní 1982 ṣì ni ipò tí ó ga jù lọ tí obìnrin tíì dé nínú ìdíje rálì àgbáyé.