Nígbà Wo Ni Bọ́ọ̀lù Wọlé?

Láti Bódìjà dé Challenge, bí ẹnìkan bá dárúkọ Ikpeba láàárín àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, àríyànjiyàn dé nìyẹn. "Ó wọlé!" "Kò wọlé!" Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lónìí.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì, ọdún 2000, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù pàdé ní Surulere, l'Ékòó, nínú àṣekágbá ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Kamẹrúùnù ti nà wá ní àṣekágbá ọdún 1984 àti 1988, a sì fẹ́ gba ẹ̀san nílé wa. Eto'o àti Mboma kọ́kọ́ gbá ayò méjì wọlé. Chukwu dá ọ̀kan padà, Okocha dá èkejì padà. Ó di 2 sí 2. Àfikún àsìkò kò mú olúborí wá, ni wọ́n bá bọ́ sí pẹ́náritì.

Victor Ikpeba gbá tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù lu igi ìdábùú òkè, ó já sílẹ̀, ó sì ta padà síta. Mourad Daami, rẹfirí ará Tùnísíà, ní kò wọlé. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n tí a tún wò lẹ́yìn náà fi hàn pé ó ti kọjá ìlà. Rigobert Song gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé fún Kamẹrúùnù: 4 sí 3.

Kí ni òfin wí? Ó ní gbogbo ara bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọjá gbogbo ìbú ìlà. Bí ó bá ku bí ẹnu abẹ́rẹ́ lórí ìlà, kò tíì wọlé. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, kí ẹ gbé bọ́ọ̀lù sẹ́yìn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn àgbà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 22, ṣùgbọ́n ojú kan péré ló fi ń kan ilẹ̀, lábẹ́ ikùn rẹ̀. Nítorí náà, ojú ibẹ̀ lè fi sẹ̀ǹtímítà 8 kọjá etí ìlà, kí ikùn bọ́ọ̀lù ṣì wà lókè ìlà. Ó gbọ́dọ̀ kọjá bíi 11 kí ó tó wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó ní ọ̀gangan ìlà, kí ẹ tún sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ó rí i bí ojú ṣe ń tan ènìyàn jẹ.

Bẹ́ẹ̀ tiyín dúró jẹ́ẹ́ ni. Ti Ikpeba ń sáré, ojú lásán ni wọ́n sì fi dájọ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣe Lampard ti England níwájú Jámánì ní 2010. Ní 2012 ni àwọn aṣòfin bọ́ọ̀lù fọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlà: bí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá tán, aago ọwọ́ rẹfirí á sọ fún un kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé.

Ṣé bọ́ọ̀lù yẹn nìkan ló gba ife lọ́wọ́ wa? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ká ní wọ́n kà á, 4 sí 4 ni ìbá jẹ́, wọn ìbá sì máa gbá a lọ. Kanu náà pàdánù tirẹ̀. A ní ẹjọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa rò ó bó ṣe rí. Nàìjíríà sì tún gba ife náà ní 2013. Ó dàárọ̀ o.