Dífíṣọ̀n Àgbádárìgì: Kí Ló Kù Nínú Rẹ̀?

Bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan ní Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okókomáíkò léèrè dífíṣọ̀n rẹ̀, Àgbádárìgì ni yóò pè. Ṣùgbọ́n kò sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ló dé?

Kí ọdún 1967 tó dé, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Àgbádárìgì, Ìkẹjà àti Ẹ̀pẹ́ wà. Nígbà tí ìjọba Gowon dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún náà, wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́ ìlú Èkó, ó di Ìpínlẹ̀ Èkó. Dífíṣọ̀n márùn-ún ló ní: Ìkẹjà, Badagry, Ìkòròdú, Lagos àti Ẹ̀pẹ́. Ẹ fa lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn yọ, IBILE ni yóò jáde.

Àtúnṣe ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 1976 ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn dífíṣọ̀n. Lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ló wà lórí ilẹ̀ Dífíṣọ̀n Àgbádárìgì: Badagry, Ọ̀jọ́, Amúwó-Ọ̀dọ̀fin àti Àjẹ́rọ̀mí-Ìfẹ́lódùn.

Ìbà wá ńkọ́? Ọdún 2003 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ìjọba ìbílẹ̀ tuntun 37 kún 20 tó wà nínú ìwé òfin. Ní 2004, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìpínlẹ̀ lágbára láti dá wọn sílẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ náà kò tíì parí àyàfi tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá ṣe ipa tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pe Ìbà ní agbègbè ìdàgbàsókè, LCDA. Ó ní alága àti káńsẹ́lọ̀, ṣùgbọ́n lójú Àbújá, Ọ̀jọ́ ni. Nítorí náà, tí fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ bá béèrè ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ má kọ Ìbà, ẹ má sì kọ dífíṣọ̀n. Ọ̀jọ́ ni kí ẹ kọ.

Síbẹ̀, dífíṣọ̀n kò kú nínú òṣèlú. Bí ìdìbò gómìnà bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ènìyàn á máa béèrè dífíṣọ̀n tí ó kàn. Nígbà tí Dókítà Idiat Adébùlé, ọmọ Ọ̀jọ́ tó ti ṣe olùkọ́ ní LASU, di igbákejì gómìnà ní 2015, tí Ambode tó jẹ́ gómìnà sì wá láti Ẹ̀pẹ́, ọ̀pọ̀ ló kà á sí ìpín Àgbádárìgì. Ọ́fíìsì ti wọlé, àmọ́ orúkọ náà ṣì ń pín oyè.