Tọ́bò àti Ẹ́ńjìnnì Tí Ń Fi Èémí Ara Rẹ̀ Sáré

Lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì tí ń tún Mercedes ṣe ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, kí a tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì C300 rárá ni a ó ti béèrè ọdún tí ó jáde, nítorí pé bí orúkọ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, inú kò jọra. Èyí tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2008 ní sìlíńdà mẹ́fà, ó jẹ́ lítà 3, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 228. Ti 2015 kò ní ju sìlíńdà mẹ́rin lọ, lítà 2 péré ni, síbẹ̀ agbára ẹṣin 241 ni ó ń sọ jáde. Ẹni tí kò mọ ìdí abájọ lè rò pé oògùn ni. Tọ́bò ni.

Epo kì í jó láìsí afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kí ìwọ̀n bẹntiróòlù kan tó lè jó tán, ó ń fẹ́ tó nǹkan bí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 15. Nínú ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, tí àwọn Yamaha tí àwọn apẹja etí ọ̀sà Ìlàjẹ ń dè mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi wọn náà wà lára rẹ̀, ìrìn písítìn ni ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, kò sì lè fà ju èyí tí ojú ọ̀run bá yọ̀ǹda fún un lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá agbára sí i ní láti fẹ ikùn sìlíńdà, tàbí kí ó mú kí písítìn máa yára mí, bí Honda ti ṣe nínú S2000 ti 1999, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí tó ìgbà 9,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n tọ́bò ní 1905, nígbà tí ó ti rí i pé èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù ṣì ní ipá nínú. Fáànù kékeré kan wà lójú ọ̀nà èéfín, ọ̀pá irin sì so ó pọ̀ mọ́ fáànù kejì tí ó wà lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́: bí èéfín bá ti ń ti ti àkọ́kọ́ tí ó ń yí bírí, bẹ́ẹ̀ ni ìkejì ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́fun, gẹ́gẹ́ bí ẹwìrì ti ń fẹ́ná fún alágbẹ̀dẹ, ọmọ Ògún Lákáayé, àfi pé ẹwìrì yìí kò nílò ọmọṣẹ́ tí yóò máa tẹ̀ ẹ́, iná tí ó ń fẹ́ náà ni ó ń yí i. Ẹni tí ó bá gbé C300 méjèèjì lọ sí Jos, tí ó fi nǹkan bí mítà 1,200 ga ju òkun lọ, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́, yóò rí i pé aláìní-tọ́bò ni ó kọ́kọ́ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tí a bá kì mọ́lẹ̀ a máa gbóná, èyí tí ó bá sì gbóná a fẹ́lẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń mú un gba inú intercooler kọjá, bíi radiétọ̀ fún afẹ́fẹ́, kí ó tó wọlé. Ní ọ̀sán gangan ní Èkó Àkéte, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tí atẹ́gùn kò fẹ́ yẹ́ẹ́, kò sí ohun tútù tí intercooler yóò fi pẹ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ a sì dín agbára kù kí epo má baà gbiná ṣáájú àkókò rẹ̀.

Ẹ wo C63, ẹ̀gbọ́n C300. Ti 2008, lítà 6.2 láìsí tọ́bò, ní agbára ẹṣin 451. Ti 2015, lítà 4 pẹ̀lú tọ́bò méjì, ní 469, ó sì ń fi gbogbo ipá fà láti orí ìyípo 1,750, nígbà tí ti àtijọ́ ní láti dé 5,000. Síbẹ̀ ti àtijọ́ ni mo fara mọ́, nítorí pé bí ẹsẹ̀ bá ti kan iná ni ó ń dáhùn, tí tọ́bò ì bá ṣì máa dúró de èéfín. Ẹni tí ó bá fẹ́ jà mí níyàn, kí ó gbọ́ ìró rẹ̀ ná.

Ibi tí ọ̀ràn ti le lọ́dọ̀ wa ni ọ́ìlì. Ọ̀pá inú tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó sì gbé e dúró. Bí ọ́ìlì náà bá jẹ́ ayédèrú, tàbí tí awakọ̀ bá sáré bọ̀ láti orí afárá Third Mainland, tí ó sì pa ọkọ̀ lójijì láìjẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó kù nínú tọ́bò yóò jóná di èédú, yóò sì dí ọ̀nà mọ́ òmíràn. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tí kò bá lè ra ọ́ìlì gidi, kí ó wá èyí tí kò ní tọ́bò. Láti mọ̀ bóyá tọ́bò ti bàjẹ́, mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ yóò tú páìpù afẹ́fẹ́, yóò fi ìka méjì mú orí ọ̀pá náà, yóò sì mì ín sọ́tùn-ún sósì: bí ó bá mì díẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n bí ojú fáànù bá ti ń ha ara ilé rẹ̀, tí èéfín aláwọ̀ aró sì ń jáde ní ìdí sàlẹ́ńsà, kí oníbàárà yáa máa tọ́jú owó tí yóò gbé lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀.