Ère ajá tó dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní London: Kí ló wà nídìí rẹ̀?

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1906 ni wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi mímu kan fún àwọn ará Battersea, ní London. Òkúta akọ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Èèyàn ń mu lókè, ajá àti ẹṣin ń mu nísàlẹ̀, ère ajá onídẹ sì wà ní téńté rẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́rin tí ìjọba ìbílẹ̀ fi hú u kúrò.

Ajá wo ni?

Lóṣù Kejì ọdún 1903, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì William Bayliss gé ajá kan láàyè níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní University College. Obìnrin ọmọ Sweden méjì, Lizzy Lind af Hageby àti Leisa Schartau, wà níjòókòó. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé oògùn oorun kò ran ajá náà, ṣe ló ń jà pìtìpìtì. Bayliss ní irọ́ ni. Nígbà tí Stephen Coleridge, akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń tako gígé ẹranko láàyè, tún un sọ ní gbangba, Bayliss pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, ó jàre, ó sì gba £2,000.

Kí ló dá ìjà sílẹ̀?

Àwọn alátakò ò gba kámú. Wọ́n dáwó, wọ́n kọ́ ẹ̀rọ omi, wọ́n sì fín in sára òkúta pé University College ni wọ́n ti pa ajá náà, àti pé ajá 232 ni wọ́n gé níbẹ̀ lọ́dún 1902. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Lóṣù Kọkànlá ọdún 1907, wọ́n gbé òòlù lọ láti fọ́ ère náà. Lóṣù Kejìlá, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn wọ̀yá ìjà pẹ̀lú ọlọ́pàá ní Trafalgar Square.

Ìṣọ́ tọ̀sán-tòru tí wọ́n ń ṣọ́ ère náà sú ìjọba ìbílẹ̀. Lóru ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1910, òṣìṣẹ́ mẹ́rin wá hú ère náà, ọlọ́pàá 120 sì dúró tì wọ́n. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí 20,000 èèyàn fọwọ́ sí kò gbà á sílẹ̀. Wọ́n yọ́ ọ dànù.

Ibo ló já sí?

Lọ́dún 1985, wọ́n gbé ère mìíràn, iṣẹ́ ọwọ́ Nicola Hicks, sí Battersea Park. Ọ̀rọ̀ tó fa wàhálà lọ́jọ́sí ni wọ́n tún kọ sí i lára, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tìtorí rẹ̀ gbé òòlù mọ́. Títí dòní, òfin Britain fàyè gba fífi ẹranko ṣèwádìí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá níwèé àṣẹ kò gbọdọ̀ dán an wò.