Ta Ló San, Ta Ni Kò Tíì San? Bí A Ṣe Ń Fi SQL Bi Àkọsílẹ̀ Léèrè

Āyah tó gùn jù nínú Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, ìyẹn āyah 282 nínú Sūratul-Baqarah, ọ̀rọ̀ gbèsè àti kíkọ ọ́ sílẹ̀ ló dá lé. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí a bá ti kọ ọ́ tán, ó tún yẹ kí á lè bi ìwé náà léèrè, kó sì dáhùn lótìítọ́. Ilé-kéú tó ní igba ọmọ, tí ìwé owó rẹ̀ ti di mẹ́rin, lè lé ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti sanwó padà sílé, kó sì gbàgbé ẹni tí kò san. Ìtìjú ìdílé àti àbòsí ló ń ti ibẹ̀ wá.

SQL ni èdè tí àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń bi àkọsílẹ̀ wọn léèrè. Lọ́dún 1970, Edgar Codd, òṣìṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan tó ṣàlàyé bí a ṣe lè to àkọsílẹ̀ sínú tábìlì, ní ìlà àti òpó. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, tí àwọn náà jẹ́ òṣìṣẹ́ IBM, gbé èdè tí a ó fi máa bi tábìlì léèrè jáde. SEQUEL ni wọ́n kọ́kọ́ pè é kó tó di SQL. Kò jìnnà sí wa mọ́ báyìí: SQLite, ọ̀kan nínú àwọn ètò tó ń gbọ́ èdè yìí, wà nínú fóònù Android, ọ̀fẹ́ sì ni.

Tábìlì méjì

Ẹ jẹ́ ká fi ilé-kéú ṣe àpẹẹrẹ. Tábìlì kìíní ń jẹ́ akeko: nọ́ńbà ọmọ, orúkọ rẹ̀ àti kíláàsì rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èkejì ń jẹ́ owo: nọ́ńbà ọmọ, oṣù, àti iye tí wọ́n san. A kò fi àmì ohùn sí i kó lè rọrùn láti tẹ̀.

Nọ́ńbà ló so méjèèjì pọ̀, kì í ṣe orúkọ. Abdullahi lè tó márùn-ún nínú kíláàsì kan. Bí a bá fi orúkọ nìkan ṣírò, owó wọn á dà pọ̀ mọ́ra, owó Abdullahi kan á sì bo gbèsè òmíràn mọ́lẹ̀.

Kíkó jọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́

SELECT nomba, SUM(iye) FROM owo GROUP BY nomba;

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: kó owó ọmọ kọ̀ọ̀kan jọ sójú kan, kí o sọ àpapọ̀ rẹ̀ fún mi. Bí ìdílé kan bá san 2,000 náírà, tó tún san 1,500, tó tún san 500, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di ẹyọ kan: 4,000. Bí owó sáà bá jẹ́ 6,000, a ó fi HAVING SUM(iye) < 6000 sí ìparí, àwọn tí owó wọn kò tíì pé nìkan ló máa jáde.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń da WHERE àti HAVING rú. Ìyá aláta máa ń ṣa tòmátì tó ti bàjẹ́ kúrò kó tó kó ìyókù jọ ní òkìtì-òkìtì: WHERE nìyẹn. Nígbà tó bá kó wọn jọ tán, ó wá ń wo òkìtì tó kéré: HAVING nìyẹn.

Ìbéèrè inú ìbéèrè

Ọmọ tí kò tíì san kọ́bọ̀ kò sí nínú tábìlì owo rárá, nítorí náà èsì òkè yìí kò lè fi í hàn. Ibí ni ìbéèrè inú ìbéèrè ti wúlò:

SELECT nomba, oruko FROM akeko WHERE nomba NOT IN (SELECT nomba FROM owo);

Ẹ kọ́kọ́ ka ti inú àkámọ́: ó ń kó nọ́ńbà gbogbo ẹni tó ti san jọ. Ti ìta wá ń bèèrè pé: nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, àwọn wo ni kò sí láàárín wọn?

Ẹ ṣọ́ra o! Bí akọ̀wé bá gba owó kan láì kọ nọ́ńbà ọmọ tó ni ín, àlàfo ló máa wà níbẹ̀, èyí tí SQL ń pè ní NULL. Nítorí àlàfo kan ṣoṣo yìí, ìbéèrè náà kò ní mú orúkọ kankan jáde, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jẹ gbèsè. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà ń purọ́. Ó dà bí ẹlẹ́rìí tó kọ̀ láti búra lórí ohun tí kò mọ̀: owó aláìlórúkọ yẹn lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí á fi WHERE nomba IS NOT NULL sínú àkámọ́ náà, lẹ́yìn owo, kí á sì wá ẹni tó ni owó yẹn kàn kí a tó lé ọmọ kankan lọ sílé.

Fèrèsé tó ń bo àṣírí

Ìgbìmọ̀ fẹ́ mọ iye tó ń wọlé lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kò yẹ kí gbogbo wọn mọ ẹni tó jẹ gbèsè. VIEW ló ń yanjú èyí:

CREATE VIEW iroyin AS SELECT osu, SUM(iye) AS apapo FROM owo GROUP BY osu;

Láti ìgbà náà, SELECT * FROM iroyin ti tó. Ó dà bí fèrèsé: ibi tí a fẹ́ kí wọ́n rí nìkan ni wọ́n máa rí. Ìbéèrè ni VIEW tọ́jú, kì í ṣe èsì. Bí owó tuntun bá wọlé lónìí, ó ti hàn níbẹ̀ lónìí.

Lórí MySQL tàbí PostgreSQL, a lè fún ènìyàn láṣẹ láti wo VIEW láì fún un láṣẹ lórí tábìlì. SQLite kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀: ẹni tí fáìlì bá ti tẹ̀ lọ́wọ́ lè rí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, èsì ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, ẹ má fi fáìlì ránṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ìlà mẹ́wàá péré bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí ẹ lè fi ọwọ́ ṣírò. Bí èsì kọ̀ǹpútà bá yàtọ̀ sí ti ọwọ́ yín, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó lò ó fún owó ẹlòmíràn. Àmánà ni. Kí Ọlọ́hun fi òye kún òye wa. Āmīn.