Kí A Tó Kọjá Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé obìnrin kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dá níbí. Aṣọ ni ó ń tà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́kọ sí Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Àbúrò náà bímọ, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n pé kí ó wá síbi ìsọmọlórúkọ.

Inú ìyá yìí dùn. Ó di ẹrù rẹ̀. Ó wọ mọ́tò ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó gba Ìgàndò kọjá, ó dé Ìyànà-Ìbà. Níbẹ̀ ni ó ti wọ mọ́tò mìíràn tí ó gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Ó ní, "Èdè kan náà ni à ń sọ. Ta ni yóò bi mí léèrè ìwé?"

Ní ẹnubodè, wọ́n béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní. Bí ó ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sún mọ́ ọn, ó ní, "Màmá, ẹ mówó wá, màá mú yín gba ẹ̀yìn kọjá."

Kí ni kí ìyá yìí ṣe? Kí ni ó yẹ kí ó ti ṣe kí ó tó kúrò nílé? Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn.

Ìdí tí ẹnubodè fi wà

Òótọ́ ni pé ọmọ Yorùbá wà ní ìhà kejì. Kétu wà níbẹ̀, Sábẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé jọ ṣe àdéhùn, wọ́n sì fa ààlà sáàárín ilẹ̀ tí oníkálukú wọn yóò mú. Báyìí ni Kétu ṣe bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ tí kò jìnnà sí i bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ tí Faransé mú yìí ni à ń pè ní Dàhòmì. Ní ọdún 1975 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Benin. Kì í ṣe Ìlú Bìní tiwa o.

Láti ìgbà náà ni òfin ìhà ìhín ti yàtọ̀ sí òfin ìhà ọ̀hún. Bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá kọ́lé síra wọn, ẹ̀gbọ́n a ṣì máa kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọ ilé àbúrò.

Kí ni físà?

Físà ni àṣẹ tí ìjọba ilẹ̀ kan fún àlejò kí ó tó wá. Wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú páàsípọ́ọ̀tù, tàbí kí wọ́n fún un ní ìwé rẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ gba físà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ń lọ sí Bràsíìlì tàbí Kúbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa kì í gba físà lọ sí Benin. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pàdé ní Èkó, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀. Ní ọdún 1979, wọ́n tún ṣe àdéhùn mìíràn ní Dàkár. Wọ́n ní ọmọ ilẹ̀ kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ ilẹ̀ kejì láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, ìyẹn 90.

Benin, Tógò, Gánà àti Sẹ̀nẹ̀gà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lọ sí àwọn ilẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyí, kí ó kọ́kọ́ wádìí dáadáa.

Àìgba físà kì í ṣe àìmú ìwé

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n gbọ́ pé kò sí físà, wọ́n rò pé kò sí ìwé rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé tí ó yẹ kí á mú dání nìwọ̀nyí:

1. Páàsípọ́ọ̀tù, tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS. Àwọn Ìmígíréṣọ̀n ní ń fún ni ní méjèèjì. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò kú. Ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kò yàtọ̀ sí àìní ìwé.

2. Káàdì yẹ́lò. Èyí ni ìwé ẹ̀rí pé a ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ẹ̀fọn ní ń gbé ibà yìí láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn, ó sì lè pani. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó rìn, nítorí kò tíì ní agbára nínú ara kí ó tó di ìgbà náà. Láti ọdún 2016 ni àwọn ilẹ̀ ayé ti gbà pé abẹ́rẹ́ kan tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ọ́fíìsì ìjọba tí à ń pè ní Port Health ni kí ẹ lọ. Ẹ má ṣe ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tí kò gún yín lábẹ́rẹ́. Káàdì lásán lè tan oníbodè jẹ, kò lè tan ẹ̀fọn jẹ.

3. Bí ẹ bá mú ọmọdé dání, ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọmọ yín, ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Kí inú má bí yín bí aṣọ́bodè bá bi yín ní ìbéèrè púpọ̀. Àwọn kan ń jí ọmọ kó kọjá ààlà lọ ṣẹrú. Ìbéèrè yẹn lè gba ọmọ kan là.

4. Bí ẹ bá wa mọ́tò tiyín lọ, ẹ ní láti ní ìwé ìdójútòfò tí à ń pè ní Brown Card. Bí mọ́tò yín bá ṣe ènìyàn léṣe ní ìhà ọ̀hún, ìwé yìí ni wọn yóò fi tọ́jú onítọ̀hún. Ní Kútọnu ni àwọn ìjọba ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní ọdún 1982.

Bí a ti ń kọjá

Ní ọdún 2018 ni wọ́n ṣí ilé ẹnubodè tuntun ní Sẹ̀mẹ̀, tí àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ méjèèjì yóò ti máa jọ ṣiṣẹ́. Àwọn ti Nàìjíríà ń lu òǹtẹ̀ ìjáde, àwọn ti Benin ń lu òǹtẹ̀ ìwọlé. Ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ láìgba òǹtẹ̀ méjèèjì. Ẹ ka ọjọ́ tí ó wà nínú òǹtẹ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ ó ti máa ka 90 yín. Ẹni tí ó bá wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni tirẹ̀ pé. Bí ó bá fẹ́ dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lọ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ rántí pé òfin ènìyàn yàtọ̀ sí òfin ẹrù. Àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ní òfin tiwọn lórí ọjà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìjọba lè ti ẹnubodè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ti Sẹ̀mẹ̀ pa. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Nítorí náà, ẹ béèrè kí ẹ tó di ẹrù.

Ẹ ka ìwé yín fúnra yín

Nígbà tí a kò tíì mọ̀wé, ẹlòmíràn ní ń bá wa di ìwé wa mú. Ohun tí ó bá sọ pé ó wà níbẹ̀ ni à ń gbà. Nísinsin yìí, ojú tiwa ti là. Ẹ ka orúkọ yín lórí páàsípọ́ọ̀tù àti lórí káàdì yẹ́lò. Ṣé bákan náà ni wọ́n kọ méjèèjì? Ẹ ka ọjọ́ ìbí yín. Bí wọ́n bá gbà yín lówó, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì ka iye tí wọ́n kọ sí i.

Ìyá aláṣọ wa ńkọ́? Kí ó má ṣe tẹ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀yìn wọlé kò ní òǹtẹ̀. Bí wọ́n bá mú un lọ́nà, tàbí tí wọ́n gba ẹrù rẹ̀, ta ni yóò ké sí? Òun fúnra rẹ̀ ti di arúfin. Kí ó padà sílé, kí ó ṣe ìwé rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìsọmọlórúkọ yóò ti kọjá. Ṣùgbọ́n ọmọ ṣì wà níbẹ̀. Ìyá yóò gba ojú ọ̀nà lọ gbé e jó, yóò sì gba ojú ọ̀nà padà.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé náà ni kí á ti máa mú ìwé ìrìn-àjò dání.