Owó Ìfẹ̀yìntì Nígbà tí Ìjọba Bá Yí Padà

Ìjọba kan a máa lọ, òmíràn a sì máa dé. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ti rí fún ẹni tí ó fi ọgbọ̀n ọdún sin èyí tí ó lọ? Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kì í ṣe ìtọrẹ àánú. Ọ̀yà iṣẹ́ tí ó ti ṣe tán ni. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni pé Fáráò mìíràn lè jẹ, tí kò mọ Jósẹ́fù.

Ìbẹ̀rù yìí ni a fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Hong Kong bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi ìlú náà lé Ṣáínà lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọdún 1997. Okùn mẹ́ta ni a fi so owó wọn. Èkínní ni májẹ̀mú: ní ọdún 1984 ìjọba méjèèjì fi ọwọ́ sí ìwé pé a ó máa san án. Èkejì ni òfin: Òfin Ìpìlẹ̀ tí Ṣáínà ṣe ní ọdún 1990 sọ ní abala 102 pé owó náà kò gbọdọ̀ dín sí ti àtẹ̀yìnwá, ìbáà ṣe fún ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú, níbikíbi tí ó bá ń gbé. Ẹ̀kẹta ni àpò: ní ọdún 1995 a ya owó sọ́tọ̀, bí àpò ìjọba bá gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà kọ́ ọgbọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ń lọ kò tó. Kí ẹni tí ń bọ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́, kí òfin dè é, kí owó sì wà nílẹ̀. Ìjọba a máa kọjá, gbèsè kì í bá a lọ.